Agolo Tí Ọlọ́runyọmí Fi Ọ̀dà Dí

Ìkà ni Ọlọ́runyọmí, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Àgbẹ̀ kòkó ni, ilé rẹ̀ kò jìnnà sí gáréèjì Òrè. Àgbàlá rẹ̀ ni eriali tí àwọn onírédíò àdúgbò, àwọn tó ń fi rédíò bá èèyàn sọ̀rọ̀, jọ fi ń gbọ́ ará òkèèrè wà. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kálukú ní wáyà tirẹ̀ lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rédíò ńlá kan wà nítòsí tí ariwo rẹ̀ ń bo gbogbo nǹkan, àfi kí ohùn kọ́kọ́ gba inú asẹ́ kọjá. Agolo mílíìkì ni Ọlọ́runyọmí fi ń ṣe asẹ́ náà fún kálukú. Á ká wáyà bàbà sínú rẹ̀, á fi ọ̀dà dúdú tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Agbabu dí i kí òjò má bàa wọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ tú u àfi òun.

Luqman, awakọ̀ tó múlé tì í, kò fi rédíò ṣeré. Ṣéhù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ há sí ìlú tí ogun ti ba fóònù jẹ́, rédíò nìkan ló kù láàárín wọn. Ní ọ̀sán Jímọ̀, tí Ṣéhù bá ti pè, ilé Luqman á kún fọ́fọ́, wọ́n á máa yọ̀. Kò sẹ́ni tó ń yà sọ́dọ̀ ẹni tó ni eriali. Ìyẹn dun Ọlọ́runyọmí wọra.

Ó ní agolo Luqman ti dípẹtà, ó ṣe tuntun fún un. Ó ká wáyà rẹ̀ kí ó lè sẹ́ ariwo dànù, kí ó sì sẹ́ ojú ibi tí Ṣéhù ti ń pè lórí rédíò dànù pẹ̀lú. Nínú àwọn onírédíò àdúgbò, òun àti Luqman nìkan ló ń tẹ́tí sí ojú ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Luqman ń gbọ́ ará Ghana, ó ń gbọ́ ará Kenya, kedere, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Ṣéhù mọ́. Ṣàkírát ìyàwó rẹ̀ ní kí àwọn tú agolo wò, Luqman kọ̀.

"Ká tú iṣẹ́ ọwọ́ bàbá? Ṣé kí wọ́n lè yọ wá kúrò lára eriali ni?"

Nígbà tó yá, Luqman pe àwọn àfáà, wọ́n ṣàdúà òkú fún Ṣéhù. Ọlọ́runyọmí wá kí i, ó jẹ mọ́sà yó. Luqman di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ọpẹ́lọpẹ́ agolo yín. Ká ní ariwo wà níbẹ̀ ni, ǹ bá máa rò pé ó ń pè, èmi ni mi ò gbọ́. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo ti gbà."

"Ọlọ́run á tù ẹ́ nínú," ni Ọlọ́runyọmí wí.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Luqman dágbére fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí rédíò, bó tilẹ̀ gbà pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́. Ẹkún ló fi parí rẹ̀. Ọlọ́runyọmí jókòó ti rédíò nílé tirẹ̀, ó ń gbọ́ èsì Ṣéhù.

"Luqman, mo ń gbọ́ ẹ. Mo wà láàyè. Má sunkún mọ́, àbúrò mi. Kí ló dé tí o ò dá mi lóhùn?"

Ọlọ́runyọmí yí ohùn rédíò wálẹ̀, kí wọ́n má bàa gbọ́ ọ lójúde.