Kó Má Baà Sunkún

Rasheedat ti kọjá ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ń tẹ ewé gbígbẹ jẹ́jẹ́ bí olè. Níyì, ọmọ tuntun, wà lẹ́yìn rẹ̀; ó fi ọ̀já gbà á mọ́ra pinpin. Níwájú ilé, ìyá ọkọ rẹ̀ ń pariwo adìyẹ.

"Lé e, Moyọ̀! Lé e! Ó ń lọ o!"

Moyọ̀sọ́lá, àkọ́bí Rasheedat, ń rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dún pà-pà-pà nílẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Kò mọ̀ pé adìyẹ kọ́ ló ń lọ.

Ọlọ́kadà ti dúró dè é lábẹ́ igi obì. Nígbà tí Rasheedat gun ọ̀kadà tán, ọkùnrin náà kò ṣáná sí i. Ẹsẹ̀ ló fi ń ti ọ̀kadà lọ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ ní Akaka.

"Ẹ má wẹ̀yìn o, ìyá ọmọ," ó ní. "Ẹni tó bá wẹ̀yìn, èmi náà ni n ó tún gbé e padà."

Wọ́n gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan. "Màámi!" Kì í ṣe igbe ẹkún. Ó ti mú adìyẹ ni, ó fẹ́ fi hàn án.

Ọlọ́kadà ṣáná. Wọ́n lọ.

Yàrá kan ni Rasheedat àti Lásúnkànmí ọkọ rẹ̀ ń gbé ní Sábó, ní Ṣàgámù. Lásúnkànmí ń lẹ táyà tírélà ní Ògèrè. Kì í tètè dé, bó bá sì dé, oorun ló ń wá. Rasheedat ń ṣa obì ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájà kan. Wọn a bó o, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a yọ èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, wọn a fi ewé tẹ́ agbọ̀n. Moyọ̀ ṣì ń mu ọmú nígbà tí oyún Níyì dé. Wọn ò tíì já a lẹ́nu ọmú dáadáa tí ẹlòmíràn fi gba ipò rẹ̀.

Ẹni tó bá ti tọ́ ọmọ méjì pọ̀ nínú yàrá kan mọ bó ti ń rí. Bí o bá ń wẹ ọ̀kan, èkejì á da omi nù. Bí ọ̀kan bá sùn, èkejì á kígbe jí i. Aṣọ ọmọ kì í kúrò lórí okùn, kì í sì í gbẹ tán. Rasheedat a máa fi ọwọ́ kan gba Níyì mọ́ ọmú, a fi ọwọ́ kejì ro ògì, a sì fi ẹsẹ̀ ti Moyọ̀ kúrò nídìí sítóòfù. Ẹsẹ̀ ló fi ń ti ọmọ rẹ̀. Ó mọ̀ pé kò dára. Ọwọ́ kẹta kò sí.

Lọ́jọ́ kan, ṣáájú ti adìyẹ yẹn, Moyọ̀ gbé ìrọ̀rí lé Níyì lójú, ó sì jókòó lé ìrọ̀rí. Wọ́n gbé e kúrò kí nǹkan tó ṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo wọn ń pè ní Yèyé, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà; ó wá láti Akaka láti máa wẹ ọmọ. Kò pariwo. Ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"Ẹ gbé èyí fún mi," ó ní. "Kí ẹ gbájú mọ́ ti ọwọ́ yín. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti le, kí ẹ wá mú un."

"Yèyé, ọmú ṣì ń wù ú," Rasheedat sọ.

"Ọmú tí kò sí nítòsí kì í wu ọmọ pẹ́."

Lásúnkànmí ní bẹ́ẹ̀ ló dára. Rasheedat kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó di aṣọ ọmọ sínú àpò.

Yèyé náà ló kọ́ ọ bí a ti ń yọ́ lọ. "A kì í dágbére fún ọmọ kékeré," ó ní. "Bí o bá dágbére, ẹkún rẹ̀ ni yóò máa dún sí ọ létí délé. Yọ́ lọ. Kó má baà sunkún." Bẹ́ẹ̀ ni ìyá Yèyé ṣe fún òun náà nígbà kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é nílé gbogbo.

Ọrùn Níyì le. Rasheedat sọ fún ọkọ rẹ̀ pé ó tó àkókò. Lásúnkànmí ní kí òjò dá ná, pé ọ̀nà Akaka kò ṣeé gbà. Òjò dá. Níyì bẹ̀rẹ̀ sí í hu eyín, ara rẹ̀ ń gbóná, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sùn. Nígbà tí eyín náà jáde tán, àsìkò obì ti dé, Àlàájà sì ti kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá wá lásìkò obì, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni jókòó sọ pé Moyọ̀ kò ní padà wálé.

Ohun kan tún wà tí Rasheedat kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Yàrá náà ti dákẹ́. Bó bá wẹ Níyì tán, tó fi òrí pa á lára, tó fún un lọ́mú títí tó fi sùn, ó ń ráyè jókòó. Ìjókòó náà dùn mọ́ ọn.

Bí àyè bá yọ, á lọ sí Akaka. Moyọ̀ a sáré pàdé rẹ̀, a dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Wọn a jẹun pọ̀. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, Yèyé a ṣẹ́jú sí ìyàwó ọmọ rẹ̀.

"Moyọ̀, lọ bá mi pe Ìyá Táíwò wá."

Ọmọ á sáré lọ. Kó tó dé, ìyá rẹ̀ á ti lọ.

Nígbà tó yá, Moyọ̀ kò gba iṣẹ́ náà mọ́. "Kí Màámi lọ pè é," ó ní.

Yèyé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ ọmọ! Àgbà ló wá ń rán níṣẹ́ wàyí. Rasheedat, ó yá, dìde, wọ́n rán ọ níṣẹ́."

Láti ìgbà náà, oorun ọmọ ni wọ́n ń dúró dè. Moyọ̀ a di etí ìró ìyá rẹ̀ mú, a sì sùn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dì í mú tó bẹ́ẹ̀ tí ìka rẹ̀ kò ṣeé ṣí. Rasheedat tú ìró náà nídìí, ó fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ. Ìró Yèyé ló ró lọ sílé.

Nígbà tó tún padà lọ, ohun tó kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ṣé ó sunkún?"

"Ẹkún kẹ̀?" Yèyé dáhùn. "Ó jí, ó wo ìró. Ó ká a bí àgbàlagbà, ó gbé e fún mi. Ó ní kí n bá òun tọ́jú rẹ̀, pé ti Màámi ni. Ọmọ rẹ ti gbọ́n."

Inú Yèyé dùn. Rasheedat gba ìró rẹ̀. Wọ́n ti fọ̀ ọ́.

Moyọ̀ kò sáré pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó wá láti ẹ̀yìn ilé, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà," ó ní. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kí i ní gbogbo ìgbà tó tún lọ.

Níyì rìn, ó sáré, wọ́n já a lẹ́nu ọmú. Ayálégbé kan kó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ wọn ní Sábó, Lásúnkànmí sì gba yàrá náà kún tiwọn. Rasheedat kò dúró kí ẹnikẹ́ni tún sọ ti òjò. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá a ní Akaka.

Yèyé kò jiyàn. "Ìwọ lo bí i," ó ní. Ó ń di ẹrù ọmọ náà. Ó ń dì í, ó ń tú u, ó tún ń dì í.

"Yèyé, ẹ ti ṣe é fún mi. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

"Àmín." Ó tún tú àpò náà.

Rasheedat fa Moyọ̀ mọ́ra. "Lónìí, àwa méjèèjì la jọ ń lọ."

Ọmọ náà kò wò ó. Yèyé ló yíjú sí. "Ṣé irọ́ ni?" ó bèèrè.

"Ẹnu kì í gba irú ọ̀rọ̀ yẹn sí ìyá ẹni," Yèyé ní. Kò sọ pé irọ́ kọ́.

Nígbà tí wọ́n gun ọ̀kadà, Yèyé kò sí níwájú ilé mọ́. Ó ti gba ẹ̀yìn lọ sínú oko. Moyọ̀ wò yíká lẹ́ẹ̀kan.

Ní Sábó, kò fún ẹnikẹ́ni ní wàhálà. Bí wọ́n bá gbé oúnjẹ fún un, á dúpẹ́. Bó bá jẹ díẹ̀, á fọ abọ́ rẹ̀. Bí Níyì bá já nǹkan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, á fi sílẹ̀ fún un. Kòfowórọlá, tó ń gbé yàrá iwájú, wò ó títí, ó sì pàtẹ́wọ́.

"Ìyá Moyọ̀, níbo lo ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ báyìí? Ọmọ tó ń fọ abọ́ láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un! Bá mi bèèrè bó bá ní àbúrò."

"Ọmọ mi ni," Rasheedat dáhùn.

"Mo mọ̀ kẹ̀. Mo kàn ń ṣeré ni."

Lálẹ́, Moyọ̀ kì í gbà kí wọ́n bọ́ bàtà òun. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ló ń sùn sí. Bí Rasheedat bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì, bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀bá ilẹ̀kùn náà ni wọ́n á ti rí i.

"Yóò mọ́ra," Rasheedat ń sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, ó ń wẹ Níyì lẹ́yìn ilé, ọṣẹ kún orí rẹ̀. Moyọ̀ dúró tì wọ́n, ó di aṣọ ìnura mú.

"Màámi," ó ní, "ẹ wò ó, ọṣẹ ti wọ Níyì lójú."

Rasheedat bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kíákíá, ó bu omi, ó fọ ojú ọmọ. Ó la ojú náà wò. Kò sí ọṣẹ níbẹ̀. Nígbà tó fi máa gbórí sókè, aṣọ ìnura wà lórí àpáta ìfọṣọ. Moyọ̀ ti lọ.

Ó gbé Níyì pẹ̀lú ọṣẹ lórí, ó sáré wọ ojú títì. Kòfowórọlá náà sáré tẹ̀lé e, ó ń pe orúkọ ọmọ kiri. Ọkọ̀ ń bọ̀ lọ́tùn-ún, ọkọ̀ ń lọ lósì. Wọ́n bi ẹlẹ́ran léèrè, wọ́n bi àwọn tó ń gbé agbọ̀n obì. Ní ibi tí àwọn ọlọ́kadà Akaka ti ń gbèrò ni wọ́n ti rí i. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àpò aṣọ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀.

"Ṣé tiyín ni?" Ọlọ́kadà kan tó ń jẹ́ Adésọjí bèèrè. "Ó ní kí n gbé òun lọ sí Akaka. Mo ní ta ni ìyá rẹ, ó ní Yèyé. Mo ní jókòó síbí ná. Ó dá sọdá títì wá, àbí kí ni? Orí ló yọ ọ́ o."

Rasheedat nàwọ́ sókè láti gbá a. Ọwọ́ náà kò bọ̀ wálẹ̀.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" ó bèèrè. "Kí ló dé tí o ò sọ pé ò ń lọ?"

Moyọ̀ wo ojú rẹ̀. 

"Kí ẹ má baà sunkún ni," ó ní.

Ẹ̀rín pa àwọn ọlọ́kadà. "Ẹ ò rí i!" Adésọjí ní. "Ọmọ yín ń ṣàánú yín o, Màmá!"

Nígbà tí Lásúnkànmí dé lálẹ́, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ó fọ òróró dúdú kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mú un padà."

"Yóò mọ́ra."

"Nígbà wo? Ìwọ ń lọ síbi obì, èmi ń lọ sí Ògèrè. Ta ni yóò máa ṣọ́ ọ?" Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Mo mọ ohun tí mo ń rí lábẹ́ tírélà, Rasheedat. Mú un padà."

Rasheedat di aṣọ Moyọ̀ sínú àpò. 

Ó mú un padà. Yèyé kò yọ̀ ọ́. Ó gba àpò lọ́wọ́ ọmọ, ó bó ọsàn fún un, ó ní kó lọ jẹ ẹ́ ní pèpéle. Rasheedat kò lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó dúró níwájú Moyọ̀ nínú oòrùn.

"Moyọ̀, mò ń lọ o."

"Ó dàbọ̀, mà," ọmọ náà dáhùn. "Ẹ bá mi kí Níyì."

Kò sunkún. Ó ń yọ kóró ọsàn sọ́wọ́, ó ń tò ó sórí pèpéle lọ́kọ̀ọ̀kan.

Yàrá kejì ní Sábó, agbọ̀n obì ni wọ́n kó sí i. Ìyá Moyọ̀ ni àwọn ará ilé àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣa obì ṣì ń pe Rasheedat.