Ẹkún Oògùn Ojú

Ẹkún tí Ẹfúnwùmí sun níbi òkú kan nílùú Oko-Akarè lọ́jọ́ náà, opó pàápàá kò sun tó bẹ́ẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí, ó ń mi ara síwá sẹ́yìn, ó ń kígbe pé erin wó, àjànàkú sùn bí òkè, omijé sì ń dà wọ̀ọ̀ dé àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri dúró wò ó. Ẹni tó mọ ẹkún sun bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ mọ́ láyé ìsinsìnyí.

Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó: kò mọ òkú náà rí.

Títílayọ̀, ìyàwó olóògbé, ti ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó láti ìgbà tó ti wọlé. Nígbà tó yá, ó nu ojú tirẹ̀ gbẹ, ó dìde, ó wá dúró síwájú àlejò rẹ̀.

"Ìyá, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ jẹ́ sí ọkọ mi?"

Ẹfúnwùmí ti lé ní àádọ́rin ọdún, irun orí rẹ̀ ti funfun báláú, ṣùgbọ́n ó hàn kedere pé opó yìí ń rò pé àlè ọkọ òun ni, inú ìyá arúgbó sì fẹ́ẹ̀ dùn sí i.

"Mi ò jẹ́ nǹkan kan sí i, ìyàwó. Mi ò tiẹ̀ mọ bó ṣe rí."

"Ẹkún kí wá lẹ̀ ń sun?"

"Oògùn ojú mi ni."

Bó ṣe di oògùn nìyí. Lásìkò tí àgbàdo ń gbó, dókítà kan fi ẹ̀rọ wo ojú rẹ̀, ó ní omi ló pọ̀ jù nínú ẹyin ojú, kò sì rí ọ̀nà jáde dáadáa. Bí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀, ojú náà yóò máa fọ́ díẹ̀díẹ̀. Ó fún un ní ìgò kékeré kan tí yóò máa kán sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Oògùn náà ta á lójú, kò sì fa omi kankan jáde. Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan kú ní Massè. Ẹfúnwùmí sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, nígbà tó sì jí lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ fúyẹ́. Ọ̀rọ̀ yé e wàyí. Bí omi bá kún inú ilé, ṣebí ẹnu ọ̀nà là ń ṣí fún un? Ó ju ìgò dókítà sínú agbọ̀n tó wà lókè àjà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá òkú kiri. Ní Kpoulou, nílé ẹnì kan tó ń jẹ́ Kàsímù, wọ́n rọra sọ fún un pé Mùsùlùmí ni àwọn, àwọn kì í ké bẹ́ẹ̀ lé òkú lórí. Ó bínú jáde bí aláìsàn tí wọ́n fi oògùn dù.

Gbogbo èyí ló ń rò fún Títílayọ̀ nígbà tí ohùn kan dún lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Àgbà!"

Rosine ni, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń kàwé gboyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì. Ó délé láàárọ̀, wọ́n ní ìyá àgbà ti lọ síbi òkú, ó sì gun ọ̀kadà zémíjàn tẹ̀ lé e. Eruku pupa bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó sì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán pátá.

Títílayọ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mì í títí ó fi di àga mú, gbogbo ilé bá a rín in, nítorí òkú àgbà ni, ó sì ti jẹ ayé rẹ̀ dáadáa. Ó ní kí wọ́n bu oúnjẹ tó pọ̀ fún ìyá tó gbé ojú tó ń dùn ún wá yẹ́ ọkọ òun sí. Nígbà tí Ẹfúnwùmí dìde láti dúpẹ́, ó fi ẹsẹ̀ òsì gbá ọpọ́n omi kan, omi sì dà sílẹ̀ yàà.

"Ta ló gbé eléyìí síbí?" ló fi igbe ta.

Gbogbo ènìyàn tún rẹ́rìn-ín. Rosine nìkan ni kò rín.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n délé. Ẹfúnwùmí ń ta ẹmu lẹ́bàá títì, àwọn ike bídọ́ọ̀nù ẹmu tí wọ́n gbé wá láti Massè sì wà níwájú ilé. Rosine jókòó sórí àpótí.

"Ìyá Àgbà, ẹ mọ ohun tí mò ń kọ́?"

"Ìṣirò ni. Ìṣirò owó." Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé ọmọ ọmọ òun yóò di ọ̀gá báńkì.

"Ìṣirò omi inú ojú ni."

Ẹnu ya Ẹfúnwùmí. "Wọ́n ń gboyè lórí omijé?"

"Kì í ṣe omijé. Omi mìíràn ni, inú lọ́hùn-ún ló wà. Ojú ń pèsè rẹ̀ tọ̀sán tòru, ó sì ń gba ihò tín-ín-tìn-tín padà sínú ẹ̀jẹ̀. Mò ń fi ìṣirò wá bí èyí tó ń wọlé ṣe ń bá èyí tó ń jáde mu, àti bí ojú á ṣe le tó nínú bí wọn ò bá bára mu."

"Omi náà pọ̀ tó báwo?"

"Ti odidi ọjọ́ kan kò kún ṣíbí tíì."

"Ṣíbí tíì! Èmi tí mo ti sun garawa!"

Rosine rẹ́rìn-ín, ó sì gbé bídọ́ọ̀nù kan sáàárín wọn. Ẹni tó gbé e wá ti dé e pinpin, ikùn rẹ̀ sì ti wú.

"Bí mo bá da omi sí èyí lára, ṣé wíwú rẹ̀ á rọlẹ̀?"

"Ṣé orí ẹ pé? Ṣebí inú ló ti ń hó."

"Omijé yín náà nìyẹn. Abẹ́ ìpéǹpéjú òkè ló ti ń wá, ara ojú ló sì ń fọ̀, kò dé inú. Oògùn dókítà ló ń wọlé lọ bá ohun tó ń hó, kó lè dín híhó rẹ̀ kù."

Ẹfúnwùmí ṣí ìdérí bídọ́ọ̀nù náà díẹ̀, afẹ́fẹ́ sì tú jáde. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe. Ohun tí òun ti ń ṣe láti ìgbà àgbàdo nìyẹn. Ojú tì í, ẹ̀rín sì ń pa á.

"Gbogbo òkú yẹn, lásán ni mo sun wọ́n?"

"Àwọn ẹbí òkú ṣáà dúpẹ́." Rosine sún àpótí rẹ̀ sápá òsì. "Ẹ máa wo iwájú, ẹ má yí ọrùn o. Ṣé ẹ̀ ń rí ọwọ́ mi?"

"Mo rí i, ó mọ́lẹ̀ kedere."

"Mi ò tíì gbé e sókè, Ìyá Àgbà."

Ọkọ̀ kan kọjá lójú títì. Ẹfúnwùmí fẹ́ fi òwe gba ara rẹ̀ sílẹ̀, "Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran," ṣùgbọ́n òwe náà kò gbà á. Ẹ̀rù bà á gidi.

"Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ yẹn ti ṣókùnkùn," ló wí níkẹyìn. "Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀pá fà mí kiri."

"Èyí tó ti lọ kò ní padà, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ a lè di èyí tó kù mú."

"Ìṣirò rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Òun náà sọ bẹ́ẹ̀, dókítà sì sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀."

"Ojú ta lo fi ń ṣe ìṣirò ọ̀hún?"

"Ti gbogbo ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n tiyín ni mò ń rò."

Rosine mú ìgò oògùn tuntun jáde nínú àpò. Ó ti rà á bọ̀, nítorí ó gbà pé ti àkọ́kọ́ á ti tán. Ẹfúnwùmí gbé orí sẹ́yìn. Oògùn kán sí i lójú, ó tutù, ó sì ta á. Ó di ojú, ó sì ní sùúrù fún un.

Nígbà tó lajú, kò rí ẹnikẹ́ni.

"Rosine?"

"Mo wà níbí, Ìyá Àgbà."

Apá òsì ni ohùn náà ti wá. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni Ẹfúnwùmí ti ń sá fún yíyí ọrùn, nítorí ẹni tó bá ń yí ọrùn kiri ti gbà pé nǹkan kan sọnù. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kó máa gbá ọpọ́n. Nísinsìnyí, ó yí i, ó rọra ń yí i, ojú ọmọ náà sì wọlé sínú ìríran rẹ̀ lódindi: iwájú orí ìyá rẹ̀, eruku ọ̀nà lẹ́rẹ̀kẹ́, àti àìsùn tó ti hàn lábẹ́ ojú.

"O mà ti rù," ni Ẹfúnwùmí wí. "Láti ìgbà tí o ti dé, mi ò tíì rí ọ."