Omi Tí A Ò Kà Sómi

Omi ni ìyá mi fi tọ́ Àǹtí Àsmá'ù dàgbà, mi ò sì ṣàsọdùn. Bí àwọn ọmọ yòókù ṣe ń gbọ́ "káàbọ̀" tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé, "ṣó o ti mu omi?" ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń gbọ́. Àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ ọn. Àwọn dókítà ti sọ fún Màmá, kí ẹ̀gbọ́n mi tó mọ ìrìn rìn, pé omi ni kó máa fún un dáadáa, torí bí omi bá gbẹ lára irú wọn, ẹ̀jẹ̀ á ki, egungun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro wọ́n títí wọ́n á fi máa ké. Màmá gba ọ̀rọ̀ náà bí ẹni gba ẹ̀sìn.

Ike ló ń tà ní Láfẹ́nwá, Ìyá Oníke ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí, nítorí náà ohun tí a ó fi bu omi ò wọ́n wa nílé wa ní Kemta. Jọ́ọ̀gì aláwọ̀ ewé kan wà tó jẹ́ ti Àǹtí Àsmá'ù nìkan, ó sì gbọ́dọ̀ gbẹ kí oòrùn tó wọ̀. Èmi Haleemah, àbúrò tí ara rẹ̀ le koko, bí òùngbẹ gbẹ mí kú, ta ló bèèrè? Tí Ramadan bá dé, gbogbo ilé á gba ààwẹ̀, àyàfi ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́sàn-án gangan ni Màmá á jókòó tì í, ètè tirẹ̀ á ti gbẹ, á máa wo ọ̀fun ọmọ rẹ̀ bí omi ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá. "Ọlọ́run ló yọ̀ǹda fún aláìsàn," ni yóò wí, á sì tún bu òmíràn.

Bàbá wa kú tipẹ́. Àwọn ẹbí tó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í dalẹ́ ti tijú, torí Àǹtí Àsmá'ù pé ọgbọ̀n ọdún, ó ń rán aṣọ, ó sì ń bú mi nígbà tó bá wù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ Màmá báwo ló ṣe ṣe é, ìdáhùn kan náà ni. "Lẹ́yìn Ọlọ́run, omi ni."

Ẹ wá wo ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi wú, tí ojú rẹ̀ wú, tí àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó níwájú Dókítà Adétáyọ̀. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, ó kọ́kọ́ tú ìwé rẹ̀ wò kó tó gbójú sókè.

"Màmá, kíndìnrín ọmọ yín méjèèjì ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àìsàn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló bà wọ́n jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ la ó máa fi bá a fọ ẹ̀jẹ̀ báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Láti òní lọ, ife omi méjì ni kó máa mu lójúmọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rín ni ìyá mi rín. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fáìlì yẹn wò. Ti ẹlòmíì lẹ gbé."

"Ti Àsmá'ù ni, Màmá."

"Àsmá'ù tèmi? Tó bá fi ọ̀sán kan ṣoṣo pa òùngbẹ mọ́ra, orí ibùsùn la máa bá a."

"Mo mọ̀, Màmá. Ṣùgbọ́n kò lè tọ omi náà jáde mọ́. Gbogbo èyí tó bá mu, ara ẹ̀ ló máa jókòó sí. Tó bá pọ̀ jù, á gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kò sì ní lè mí mọ́. Omi yẹn lè pa á."

Ẹ̀rín ṣì wà lójú Màmá, ó kàn dúró síbẹ̀ ni, bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé lórí okùn. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Nígbà tí a jáde, Màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè dìde. "Omi ke?" ló ń wí. "Omi?" Ẹnu tó ti ń sọ "mu omi" láti ọgbọ̀n ọdún ò mọ ohun tó kù tí òun máa sọ.

Síbẹ̀, ó gbọ́ràn, èyí sì yà mí lẹ́nu. Ó gbé jọ́ọ̀gì náà kúrò lórí tábìlì, ó dojú rẹ̀ dé sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bu ife méjì náà, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, kò jẹ́ kó kún àkúnya. Ohun tí a rò ni pé èyí tó le jù ti kọjá.

Àmọ́ òṣùwọ̀n ò gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó so ẹnikẹ́ni mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀sì Harriet, ọmọ Aké, obìnrin kúkúrú tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ló ń wọn ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́jọ́ kan, ó wo òṣùwọ̀n, ó ní kó sọ̀ kalẹ̀, ó ní kó tún gùn ún.

"Kílò mẹ́rin lé sí i láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Èèyàn kì í sanra báyẹn, omi ni. Àsmá'ù, o ń mu omi."

Màmá ló fèsì. Ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Wállàhi, lẹ́yìn ife méjì yẹn, omi ò ti ọwọ́ mi kan ẹnu ẹ̀."

Mo mọ ìyá mi. Kì í fi orúkọ Ọlọ́run ṣeré, ì báà jẹ́ lórí búútà kan ṣoṣo tó fẹ́ tà. Bí kò bá wá ṣe òun, tí kò ṣe èmi, ta ló kù? Inú bí mi débi pé mi ò bá Àǹtí Àsmá'ù sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Mo wá gbogbo ilé. Mo yẹ abẹ́ ìrọ̀rí wò, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ti fíríìjì ní kọ́kọ́rọ́, mo kó píọ́ wọ́tà gbogbo lọ sí yàrá mi. Ibi tí mi ò fọwọ́ kàn ò ju ibì kan lọ, ìyẹn igun tí Màmá ti ń kírun. Awọ àgbò rẹ̀ wà níbẹ̀, tẹ̀súbáà rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ike funfun tí wọ́n fi gbé omi Sàmúsámù wá fún un láti Mẹ́kà nígbà kan. Ta ló ń tú ibi tí ìyá ẹ̀ ń forí kanlẹ̀ sí?

"Àǹtí, ẹ fẹ́ pa ara yín ni?" Mo bi í bẹ́ẹ̀ lójú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Haleemah, fi mí sílẹ̀."

"Mi ò ní fi yín sílẹ̀. Níbo lẹ ti ń rí i?"

Ó gbójú sókè wò mí. Ètè rẹ̀ gbẹ, ó là, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú débi pé bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Bí ara èèyàn ṣe lè kún fún omi kí ẹnu rẹ̀ máa gbẹ, kàyéfì gidi ni. Ó tún padà sídìí aṣọ tó ń rán.

Kíláàsì ni mo wà, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, nígbà tí Màmá pè mí. "Ẹ̀gbọ́n ẹ ò lè mí." Ọ̀kadà ló gbé mi dé Kemta. Mo bá Àǹtí Àsmá'ù lórí àga, ó jókòó gbọn-in, kò lè fẹ̀yìn tì, àyà rẹ̀ ń dún bí ìkòkò tó ń hó. Ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ó ń wò mí, kò lè pe orúkọ mi. Nínú takisí, mo di orí rẹ̀ mú, mò ń bá a ka gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, mo sì ń ṣì wọ́n kà.

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ kíákíá. Ó pẹ́ kí Nọ́ọ̀sì Harriet tó jáde wá bá wa. Kò pariwo mọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ̀rọ ti fa omi jáde lára ẹ̀, ó kún ìgò ńlá méjì, kò sì tíì tán. Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló jẹ lónìí? Kí ló mu?"

Màmá ronú dáadáa. "Àkàrà. Ife omi kan. Àti hàntú ẹ̀."

"Kí ló ń jẹ́ hàntú?"

Èmi ni mo ṣàlàyé. Àáfà á fi tàdáà dúdú kọ Kùránì sára wàláà, á fi omi ṣan án, omi dúdú tó bá ti ara rẹ̀ wá ni hàntú.

"Báwo ló ṣe ń pọ̀ tó?"

"Ife ńlá kan lẹ́yìn ìrun Subúhì," ni Màmá wí, "òmíràn lẹ́yìn Àsárì. Ó wà nínú ike funfun níbi ìkírun mi."

Subúhì, mo wà ní balùwẹ̀. Àsárì, mo wà níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì. Gbogbo ilé ni mo tú.

"Omi nìyẹn, Màmá," ni Nọ́ọ̀sì Harriet wí.

"Rárá o," ni ìyá mi fèsì, láìbínú, bí ẹni tó ń tọ́ ọmọdé sọ́nà. "Kùránì ni."

Kò purọ́. Gbogbo ìbúra yẹn, òótọ́ ló ń sọ, tọkàntọkàn.

Mo wá ẹni tí mo máa bínú sí, mo sì rí i. Mo gun ọ̀kadà padà sí Kemta, ó di ọ̀dọ̀ Àáfà Sàlàhúdíìnì, bàbá arúgbó tó sọ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ. Orí ẹní ló wà níwájú ilé. Mi ò kí i bó ṣe yẹ kí n kí i.

"Àáfà, hàntú tí ẹ fún màmá mi ti fẹ́ pa Àǹtí Àsmá'ù. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fà á jáde lára ẹ̀ báyìí."

Ó wò mí títí. "Fà á jáde báwo? Ṣé ó mu ún ni?"

"Ó mu ún. Láàárọ̀, nírọ̀lẹ́."

"Ta ló ní kó mu ún?" Ó fi ọwọ́ tẹ ilẹ̀ kó tó lè dìde. "Màmá yín fúnra ẹ̀ ló sọ fún mi pé wọ́n ti fòfin de omi fún ọmọ náà. Mo ní kó fi pa á lórí, kó fi ra á lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ṣé èmi ni mo máa fún ẹni tí wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ mu omi ní nǹkan mímu?" Ó sún mọ́ mi. "Ṣó ṣì wà láyé?"

Mo mi orí pé ó wà. Mo jókòó sórí ẹní rẹ̀ láìgba àṣẹ. Gbogbo ìbínú tí mo gbé wá wà lọ́wọ́ mi, mi ò rí ẹni tí mo máa gbé e fún.

Nígbà tí mo padà dé ọsibítù, orí bẹ́ǹṣì yẹn náà ni Màmá wà.

"Màmá, Àáfà ní òun sọ pé kí ẹ fi pa á lórí ni."

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Kí ló wá dé?"

"Haleemah, orí kì í mu omi. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, tí wọ́n ní kí n lọ pe àwọn ẹbí jọ, ṣíbí ni mo fi ń kán an sí i lẹ́nu títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹnu ni mo ti ń gbà á là. Mi ò mọ ibòmíì."

Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, mo wọlé lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti ń mí dáadáa, wíwú ojú rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo bèèrè bóyá ó mọ̀ pé omi ni.

"Ṣé òmùgọ̀ ni mí ni? Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń mu ún?"

"Òùngbẹ ń gbẹ mí, Haleemah. O ò mọ bó ṣe rí." Ó tún mí kanlẹ̀. "Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Tó bá gbé e wá, á jókòó, á máa wo ọ̀fun mi bó ṣe máa ń ṣe. Tí mo bá kọ̀ ọ́, ohun tí mò ń sọ fún un ni pé, Màmá, agbára yín ti pin lórí mi. Ìwọ, ṣé o lè sọ ọ́?"

Mi ò lè sọ ọ́.

"Pè é wá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Màá sọ ọ́ lónìí."

Ó sì sọ ọ́, lójú mi. "Màmá, mi ò ní mu ún mọ́. Omi ni. Díẹ̀ ló kù kó pa mí." Màmá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ẹ̀rọ, ó wo okùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Mo rí i nígbà tó yé e. Ó fi báàgì sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé orí. "Èmi ni," ló wí. "Èmi tí mo bí i." Kò sunkún, ìyẹn ló sì bà mí lẹ́rù jù.

Ọjọ́ tí wọ́n dá wa sílẹ̀, a délé lẹ́yìn Àsárì. Màmá wọ yàrá lọ, ó sì gbé ike funfun náà jáde. Mo dìde kí n gbà á. Ó wò mí, mo tún jókòó.

Ó bu hàntú díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó pa á sí ẹ̀gbọ́n mi lórí, ó ra á sí i níwájú orí àti lẹ́yìn ọrùn. Ọwọ́ náà ń lọ bí ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dijú. Ẹ̀kán omi dúdú kan já bọ́ láti iwájú orí rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ imú, ó ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo rí ètè gbígbẹ ẹ̀gbọ́n mi tó ṣí díẹ̀.

Màmá náà rí i. Ó fa etí híjáàbù rẹ̀, ó sì nu ẹ̀kán náà kúrò kó tó dé ẹnu ọmọ rẹ̀.