Ẹni Tó Ń So Okùn Ọkọ̀ Ogun

Ogún ọdún gbáko ni Abdulmajeed ti ń fi igi ṣe ère ọkọ̀ ogun ayé àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì ṣe ọ̀ṣọ́, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Lakowe, àwọn ọkọ̀ onígbòkun olópòó mẹ́ta, tí ẹnu àgbá yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Òun ló ń gbẹ́ igi. Ṣùkúrátù ìyàwó rẹ̀ ló ń so okùn. Okùn yẹn niṣẹ́ gan-an: fọ́nrán òwú tó lé ní igba, láti orí òpó dé etí ọkọ̀, kókó kọ̀ọ̀kan ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Ọwọ́ Abdulmajeed le jù fún un. Bó bá dán an wò, òwú á já.

Lọ́dún tó kọjá, iyè Ṣùkúrátù bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Ó kọ́kọ́ ń gbàgbé iyọ̀ nínú ọbẹ̀, nígbà tó yá ó gbàgbé ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. Àmọ́ bí ọkọ rẹ̀ bá ti fi òwú sí i lọ́wọ́, á máa so ó lọ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìyẹn ló jẹ́ kí Abdulmajeed gba iṣẹ́ ọkọ̀ kan lọ́wọ́ Ọ̀gá Ọlálérè, awakọ̀ òkun tó ti fẹ̀yìn tì sí Ajah. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Lọ́kàn Abdulmajeed, níwọ̀n ìgbà tí ìyàwó òun bá ṣì lè so okùn, kò tíì bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ tán.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, tó ku okùn mẹ́rin péré, ó lọ kírun alásárì. Nígbà tó padà dé, Ṣùkúrátù jókòó ti ọkọ̀ náà, àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ rẹ̀, òwú dúdú kún orí itan rẹ̀. Òpó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ìhòòhò.

"Wọ́n ti lọ́ mọ́ra wọn," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Mo ti bá yín tú gbogbo ẹ̀."

 Abdulmajeed jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èérún igi. Kò bú u. Ó fa òwú tuntun yọ, ó fi sí i lọ́wọ́, ó ká ìka rẹ̀ mọ́ ọn.

"Ìyá Làtífátù, jọ̀ọ́. So ẹyọ kan fún mi."

Ṣùkúrátù wo òwú náà títí. Ó gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Òwú bọ́ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ má bínú, mi ò mọ̀ ọ́n so," ó ní, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí èèyàn ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀. "Ìyàwó yín ò lè bá yín ṣe é ni?"

Abdulmajeed ṣa òwú náà nílẹ̀.

"Kò sí nílé."

"Ẹ fara balẹ̀, yóò dé."

Lọ́jọ́ kejì, Abdulmajeed pe Ọ̀gá Ọlálérè pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá gbé ọkọ̀ mọ́. Ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀ fún káfíńtà kan ní Ṣàngótẹ̀dó, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.