Ẹni Tó Gbá Olúrántí Létí

"Ọ̀gá, ta lẹ ń sọ níbí?" Rachel Fágbàmílà, ọ̀dọ́ olùkọ́ ilé-ìwé náà, fi pẹ́ńsù pupa tọ́ka sí ìlà kẹta ìwé Òyìnbó tí ọ̀gá kọ. "Ẹ ní Mísì Fágbàmílà bá ọ̀gá ilé-ìwé ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà ẹ ní ẹnì kan gbá Olúrántí létí. Lókè ẹ pè é ní obìnrin, nísàlẹ̀ ẹ pè é ní ọkùnrin. Èwo nínú àwa méjèèjì ni?"

Zacchaeus Abíọ́nà, ọ̀gá ilé-ìwé ìjọ ní Ìwàrò-Ọ̀kà, kò gbójú sókè.

Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń ṣe é báyìí. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá á fi pẹ́ńsù kọ ìwé sí Màníjà tó ń bójú tó àwọn ilé-ìwé láti Ìkàrẹ́. Rachel á tún un ṣe, ọ̀gá á fi yíǹkì dà á kọ, lọ́rì aago mẹ́rin á gbé e lọ. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbọ́. Òyìnbó ọ̀gá kò gún rárá, Yorùbá ló ń túmọ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: bí inú rẹ̀ bá dùn, á kọ ọ́ bí ẹni tó jẹ oyin yó, bí ojú bá pọ́n ọn, Màníjà á rò pé ẹyinjú ló ń dùn ún. Rachel ti rẹ́rìn-ín sí i títí, ní kọ̀rọ̀ ni o. Lónìí, ẹ̀rín jìnnà.

Lọ́jọ́ Ajé, ojú Rachel ló ṣe nígbà tí ọ̀gá gbá Olúrántí, ọmọdébìnrin kan ní kíláàsì rẹ̀, létí lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó pẹ́ dé láti oko. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Láti ìgbà náà, etí òsì Olúrántí kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Bàbá rẹ̀ ti lọ fẹjọ́ sùn ní Ìkàrẹ́, Màníjà sì ní kí wọ́n kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ránṣẹ́.

"Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀," ni ọ̀gá wí.

"Orúkọ tèmi, sà?"

"Rachel, gbọ́ mi. Ọmọdé ni ọ́, o ò tíì lọ́kọ. Màníjà á bá ọ wí, ó parí. Èmi ńkọ́? Ọmọ márùn-ún, inú ilé ìjọ la sì ń gbé. Bí wọ́n bá lé mi, ibo ni kí n kó wọn lọ?"

"Olúrántí mọ ẹni tó gbá òun."

"Ta ló ń bi ọmọdé?"

Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì, ó yọ ìwé kan tó ti fọwọ́ sí. Ìwé ìjẹ́rìísí ni, èyí tí Rachel yóò fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tó sì ti ń dúró dè látọdún mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ní Ugbẹ̀ ti ra àpótí onírin sílẹ̀ dè é.

"Méjèèjì ló máa bá lọ́rì òní lọ," ni ọ̀gá wí, "àbí kí èyí má lọ mọ́."

Inú bí Rachel, ẹ̀rù sì bà á. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ó ti gbọ́ òwe náà títí, kò mọ̀ pé òun náà máa dé ọjà ọ̀hún. Ó tẹ orí ba. Ó tún gbogbo àṣìṣe inú ìwé náà ṣe, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tó kan ìlà kẹta, ó kọ orúkọ Zacchaeus Abíọ́nà síbẹ̀ gàdàgbà.

Ọ̀gá kà á. Kò pariwo. Ó ya ìwé ìjẹ́rìísí náà sí méjì, ó tún yà á sí mẹ́rin.

"Màá kọ òmíràn fúnra mi," ló wí, "bó ti wù kí Òyìnbó rẹ̀ rí."

"Ẹ kọ ọ́, sà." Rachel ti mú ìwé tí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lórí tábìlì, ó ti ká a, ó ti fi í sí àyà. "Èyí á bá mi dé Ìkàrẹ́."

Ó wọ kíláàsì. Olúrántí jókòó lẹ́bàá fèrèsé.

"Olúrántí!"

Ọmọ náà kò yíjú. Rachel yí lọ sí apá ọ̀tún rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tì í.

"Dìde. Ká lọ pe bàbá rẹ, a jọ ń lọ Ìkàrẹ́ ni."

"Mísì, ṣé wọ́n tún máa gbá mi níbẹ̀ ni?"

Rachel gbé e dìde. Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, kí ọmọ náà lè máa fi etí ọ̀tún gbọ́ ọ lójú ọ̀nà.