Ihò Tí A Dí Lábẹ́ Bàálù Ìkẹyìn

Mo dojú bolẹ̀ sétí ihò tí mo tú nínú ilẹ̀ bàálù, mo ń fi agolo gbọ́n omi ẹlẹ́gbin sínú garawa. Ìtọ̀, ìgbẹ́, ọṣẹ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ń dà sí ṣálángá, gbogbo rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ kan ṣoṣo lábẹ́ ibi tí àwọn èèyàn jókòó sí tí wọ́n ń jẹun lọ sí Amẹ́ríkà.

Ilé iṣẹ́ tó ni bàálù yìí ń gbé èrò sọdá òkun ní owó pọ́ọ́kú títí wọ́n fi wọko gbèsè. Wọ́n kó gbogbo bàálù ńlá wọn wá sí pápá wa ní Teruel, ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí a ti ń tọ́jú bàálù tàbí ká gé wọn tà, nítorí afẹ́fẹ́ wa gbẹ, irin kì í tètè dípẹtà. Bàálù tí kò tíì gbó rárá, a gé wọn bí ẹni ń kun ẹlẹ́dẹ̀ lóṣù Kejìlá. Ìríra gbáà ni. Bàálù ìkẹyìn yìí nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ pé ká má gé. Ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kí n má yí táyà rẹ̀, kó má baà bàjẹ́ lójú kan, kó lè fò kúrò níbí. Olùrà sì ń bọ̀ láti ilẹ̀ Pọtogí lọ́sàn-án yẹn; ẹrù ló fẹ́ máa fi kó.

Evaristo, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tún jẹ́ ọ̀gá wa, gòkè wá. Ó mú búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ dání. Ayé ìbáà parẹ́, oúnjẹ agogo mẹ́wàá kì í yẹ̀ lọ́dọ̀ wa.

“Benilde, o ò ní jẹun ni?”

“Níbí? Ẹ̀gbọ́n, ṣé imú yín ti kú ni?”

“Ẹni tó bá bá ẹ̀gbọ́n rẹ gbélé, gbogbo ara rẹ̀ ló máa kú.” Ó gé búrẹ́dì jẹ. “Kí ló dá gbogbo èyí dúró síbẹ̀?”

“Ẹ bi ara yín. Ta ló ní ká fi téèpù dí gbogbo ihò abẹ́ bàálù?”

“Èmi ni. Ṣé ẹyẹ wọlé?”

“Ẹyẹ ò wọlé. Omi náà ò jáde. Ihò tó yẹ kí omi máa gbà ṣàn lẹ dí.”

“Omi wo? Ní Teruel ńbí, tí ewúrẹ́ ń lá ìrì?”

“Omi tí èrò tọ̀! Kò sẹ́ni tó da àgbá ṣálángá nù kí wọ́n tó gbé bàálù wá, ó sì ti jò.”

Ó gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́nu. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀kan nínú àwọn irin tí ilẹ̀ bàálù gùn lé. Ó funfun bí ìyẹ̀fun, ó sì rún mọ́ mi lọ́wọ́. Ìtọ̀ ti jẹ ẹ́.

“Nù ún,” ni Evaristo wí. “Da pákó ilẹ̀ padà, tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, kí o fín lọ́fínńdà sí i. Ọkùnrin yẹn ò ní tú ilẹ̀ wò.”

“Tó bá já lókè ńkọ́?”

“Ẹrù ló máa gbé, kì í ṣe èèyàn.”

“Ta ló máa wà á? Ẹlẹ́dẹ̀ bí èyí tẹ́ ẹ ń jẹ?”

“Ìwọ kọ́ lo ń sunkún pé ká má gé e? Ṣí i sílẹ̀, ọ̀la la máa gé e. Kò ní jẹ́ ẹ̀bi mi. Ẹ̀bi tìẹ ni.”

Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì rẹ̀.

Òtítọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì rí mi lára ju ẹrẹ̀ lọ. Bí mo bá bò ó, bàálù mi á fò. Mo gbọ́n omi náà tán. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì fi àkísà nù wọ́n gbẹ, títí ibi tó ti jẹrà fi hàn kedere. Lẹ́yìn náà ni mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo fi okùn dì í, mo kó àwọn pákó ilẹ̀ jáde, mo sì gbé iná sétí ihò kó tàn sínú rẹ̀, kí olùrà lè rí i.

Evaristo ń dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. “O ti bò ó?”

“Mo ti fọ̀ ọ́.”

Ó wo kápẹ́ẹ̀tì tó wà léjìká mi. Ọkọ̀ olùrà ti ń wọlé lẹ́nu géètì. Mo da garawa ìkẹyìn nù, mo fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gba ilé lọ.