Ẹsẹ̀ Awakọ̀

“Má mu ún tán o! Ṣé ìwọ nìkan ni òùngbẹ ń gbẹ ni?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́, tó na ọwọ́ kan láti gba ike omi padà. Awakọ̀ gbé omi ẹnu rẹ̀ mì, ó na ike náà sí i, ó ń sáré lọ. Kìlómítà mẹ́sàn-án ti wà lẹ́yìn. Mọ́kànlélógún ló kù, ẹni tí mọ́kànlélógún kù fún kì í fi èémí ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ omi.

Ọdún méjìlélógún ló ti ń wa bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà yìí kan náà. Orí ìjókòó ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń pè é ní Baba Ìjókòó. Nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, tó ní òun fẹ́ sá maratọ́ọ̀nù, kìlómítà méjìlélógójì, ẹ̀rín pa wọ́n ní gáréèjì débi pé mẹkáníìkì àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún dé egungun. Torí òótọ́ ni: kò tíì sí ohun kan tó fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láyé yìí, tó sì parí, tí kì í ṣe pé ọ̀gá tàbí ìyàwó ló rán an.

Kóòṣì tó ń kọ́ òun àtàwọn tó fẹ́ sá maratọ́ọ̀nù náà, obìnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín, ti là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí kò bá tíì sá ọgbọ̀n kìlómítà kó tó di ọjọ́ Ajé, òun yóò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìdíje náà. Ọjọ́ Àìkú sì lòní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni awakọ̀ ti gbìyànjú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì kú sí ẹsẹ̀ òkè ilé iṣẹ́ bíríkì, ní kìlómítà kẹrìnlélógún. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń di òkúta. Nígbà kejì, ó jókòó sí etí títì, ó sunkún, ó sì wọ bọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sílé.

Kò ní aago tó ń ka kìlómítà, ojú ọ̀nà bọ́ọ̀sì rẹ̀ ló fi ń díwọ̀n. Láti ibùdókọ̀ àkọ́kọ́ dé gáréèjì, bí èèyàn bá gba títì lọ gbọnrangandan láìyà síbì kankan, ọgbọ̀n géérégé ni. Míta wà lára kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀ ẹ́ pé kó má ka nǹkan kan sí òun létí. Ìṣirò máa ń dẹ́rù bà á.

Ara rẹ̀ yá gágá. Oòrùn kò tíì mú, títì sì dá. Nígbà tó dé iwájú ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ òru rí i, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Awakọ̀! Ṣé mọ́tò bàjẹ́ ni?”

Ó juwọ́ sí i bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ó bá eré rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n?”

“Kò sí nǹkan. Máa lọ.”

Nígbà tí wọ́n dé ilé àwọn arúgbó, ó tún rẹ́rìn-ín. Ní ẹ̀yìn ilé ìwé, ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé kẹ̀kẹ́ fẹ́ gbé e ṣubú. Inú bí awakọ̀. Ó dá a lójú pé ìdí òun ni obìnrin yìí ń wò. Ó fi ìbínú yẹn tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ilé ìwé fi tán.

Àfi bó ṣe rí ṣìmínì, òpó èéfín ilé iṣẹ́ bíríkì, lókè réré. Itan rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo kó tó débẹ̀ pàápàá, bí ọmọ tó rí ilé olùkọ́ tó ń nà án. Nígbà tó tẹ ẹsẹ̀ òkè, ìgbésẹ̀ rẹ̀ ti kúrú, ó ti ń wo etí títì ibi tó jókòó sí lọ́jọ́sí.

“Ẹ̀gbọ́n, mo ti débẹ̀.”

“Ibo?”

“Mẹ́rìnlélógún.”

“Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé kí n kà á?”

Ó mí kanlẹ̀. “Ẹ kà á.”

“Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.”

“Míta yẹn ti bàjẹ́.”

“Orí ẹ ló bàjẹ́! O yà wọ ọsibítù, o yípo, o jáde. O yà sílé àwọn arúgbó. O tún yí ẹ̀yìn ilé ìwé po. Gbogbo ibi tí o ti ń gbé èrò lo yà sí, Baba Ìjókòó! Ní ọsibítù, o tilẹ̀ nawọ́ síta kí mọ́tò lè mọ̀ pé o fẹ́ yà!”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a dúró níbi tí òkè kò tíì dá a dúró. Ìgbà náà ló wá yé e. Ẹ̀yìn ilé ìwé ló ti kọjá mẹ́rìnlélógún, nígbà tó ń bínú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ráhùn rárá, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ibẹ̀ nìyẹn.

Ó dojú kọ òkè. Ó le, kò sí irọ́ níbẹ̀. Òógùn wọ̀ ọ́ lójú, èémí rẹ̀ ń han. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ó wí bẹ́ẹ̀ nínú ara rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́. Láti kékeré wọn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí àbúrò máa fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ sẹ́yìn. Inú rẹ̀ dùn, kò sì tijú pé ó dùn.

Ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì, tó ti sá jìnnà díẹ̀ sí òkè náà, ni kẹ̀kẹ́ tó lé e bá.

“Ọgbọ̀n! Ó ti pé ọgbọ̀n! Dúró, àbúrò mi, o ti ṣe é!” Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ẹkún wà nínú rẹ̀.

Bẹ́ńṣì kan wà ní ibùdókọ̀ tó wà níwájú wọn gan-an. Awakọ̀ wo bẹ́ńṣì náà dáadáa.

“Bọ́ọ̀sì kì í dúró síbí lọ́jọ́ Àìkú,” ó wí, ó sì kọjá.

“Kóòṣì ò ní kó o ju ọgbọ̀n lọ o! Ibo lò ń lọ?”

“Gáréèjì.”

Kìlómítà mẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó rán an ní ọ̀kan nínú wọn. Ẹsẹ̀ ń ro ó, èékánná kan ti ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú bàtà, òun sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Nígbà tí géètì gáréèjì yọ, ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ dìde lórí àga rẹ̀.

“Baba Ìjókòó? Bọ́ọ̀sì yín dà?”

“Kò sí bọ́ọ̀sì. Èmi ni.”

Ọ̀gbẹ́ni náà wo òógùn, ó wo bàtà, ó wo obìnrin tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀kùn kékeré tí àwọn èèyàn ń gbà wọlé wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí i. Ó lọ fa irin gígùn náà yọ, ó ti géètì ńlá sẹ́yìn, apá kan, lẹ́yìn náà apá kejì, títí tó fi fẹ̀ tó bọ́ọ̀sì.

Awakọ̀ sáré wọlé, ó dúró lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí epo mọ́tò kún, ó fọwọ́ lé orúnkún. Láti ọdún méjìlélógún, èèyàn tó ti gbé dé ibí kò níye. Òní lòun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.